Ọṣẹ Wo Ni Kí N Fi Wẹ Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ 12 tí ẹ̀rọ pa, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò sì ní ìyá. Ara wọn ń dọ̀tí ṣáá, ìyẹ́ àyà wọn ti lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń rùn. Ọṣẹ wo ló dára jù láti fi wẹ̀ wọ́n? Ẹnì kan ní kí n máa fi òróró pa wọ́n lára lẹ́yìn ìwẹ̀ kí omi má baà ràn wọ́n. Ẹlòmíì ní kí n fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí i nítorí yọ̀rọ̀. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan nínú wọn. Kò sí ọṣẹ tó yẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́sẹ̀ méjì, ìbáà jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ọmọ ọwọ́ tàbí èyí tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Òróró kò yẹ ẹ́. Kẹrosíìnì burú ju gbogbo wọn lọ. Ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń fún yín ní ìmọ̀ràn yìí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń pa ẹyẹ náà lọ.

Ẹ wá ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ àgbà kan, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí igi tó wà láàárín rẹ̀, àti ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lọ́tùn-ún lósì. Ara ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún ní ẹ̀ka tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yẹn sì ní ìkọ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n fi ń há mọ́ ara wọn bí eyín sípù. Ìhámọ́ra yìí ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Afẹ́fẹ́ tó sé mọ́ abẹ́ ìyẹ́ ló ń mú ẹyẹ náà móoru, òun náà ló ń jẹ́ kó léfòó. Epo ńkọ́? Kókó kékeré kan wà lókè ìdí pẹ́pẹ́yẹ, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fi àgógó mú epo tó ń tọ́ sí ara, kí ìyẹ́ má baà gan, kó má baà ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo yẹn nìkan ló ń lé omi, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti wọlé: wọ́n ní bí epo ara ẹyẹ kò bá tó, kí àwọn bu òróró kún un.

Òróró tí a fi ọwọ́ pa kì í tàn káàkiri bí epo tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ ń tọ́. Ńṣe ló ń lẹ ẹ̀ka ìyẹ́ pọ̀ ní ìdì-ìdì. Àyè á wá ṣí sílẹ̀ láàárín ìdì kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ á jáde, omi á kan awọ ara. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbẹ́ àti eruku á rí ohun tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́, ẹyẹ náà á sì máa gbé òróró náà mì bó ṣe ń fi àgógó tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ ro ti kẹrosíìnì wò pẹ̀lú: ó ń jó awọ, èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ẹyẹ bá sì gbé mì ń ṣe é ní májèlé.

Ọṣẹ ní tirẹ̀ ń kó epo lọ, ó sì tún ń jẹ́ kí omi wọ ibi tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí tí a fi ń fi í fọ aṣọ náà nìyẹn. Ìyẹ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kò tíì ní àwọn ìkọ́ tí mo sọ lókè yẹn. Ìyẹ́ rírọ̀ múlọ́múlọ́ ni, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Bí ọṣẹ díẹ̀ bá ṣẹ́kù síbẹ̀, omi tó bá kàn án á gba ibẹ̀ lọ tààrà sí awọ. Ara pẹ́pẹ́yẹ máa ń gbóná tó nǹkan bíi 41°C sí 42°C, ọmọ kékeré báyìí kò sì ní ọ̀rá tó lè fi di ooru yẹn mú. Láàárín àkókò díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á ké kíkankíkan, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ẹ má rò pé ara ti tù ú nígbà tó bá dákẹ́ o. Ìgbà yẹn gan-an ló wà nínú ewu jù.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí èyí tó ní ìyá fi ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan kan kì í ṣe é. Kókó epo wà lára ọmọ láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin, àmọ́ epo inú rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ìyá ló ń ṣe ìyókù: bí òtútù bá ti mú ọmọ, abẹ́ ìyá ló ń sá wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbẹ, epo ara ìyá sì ń ràn án. Tiyín kò ní abẹ́ ẹnikẹ́ni tó lè wọ̀, àfi abẹ́ gílóòbù iná tó ń fún wọn ní ooru.

Bí ẹ bá ti fi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n ṣáájú kí ẹ tó ka èyí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 38°C, ṣan ọṣẹ náà kúrò títí omi tó ń dà sílẹ̀ kò fi ní hó mọ́. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi kúrò, ẹ má fi ra wọ́n lára. Ẹ kó wọn sábẹ́ iná títí ìyẹ́ wọn yóò fi gbẹ dé ìdí, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọ odò rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá jẹ́ òróró tàbí kẹrosíìnì ni, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé wọn lọ bá. Ìgbà yẹn nìkan ni ọṣẹ ìfọwo tí kò le ti ní iṣẹ́, ẹni tó mọ bí a ti ń fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá ló sì yẹ kó ṣe é.

Ní ti ìdọ̀tí yẹn gan-an, omi tó ń dà sílẹ̀ ló fà á. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ ki àgógó rẹ̀ bọmi títí dé ihò imú, kó sì lè da omi sójú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò imú á dí, ojú á sì máa ṣepin. Torí náà abọ́ pẹlẹbẹ kò tó, abọ́ gbalasa sì ń sọ ara wọn di ẹrẹ̀. Ẹ mú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gé ihò tí orí wọn nìkan lè gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí omi inú rẹ̀ jìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Ẹ gbé ike náà sórí nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kéré, kí ẹ fi páànù sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà láti gba omi tó bá dà. Ẹ máa da omi páànù nù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣe kiní kan yìí ti kúrò nínú ìdajì wàhálà. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí omi púpọ̀ o, torí oúnjẹ gbígbẹ lè há wọn lọ́fun. Bí ẹ bá máa gbé omi kúrò lálẹ́, ẹ gbé oúnjẹ kúrò pẹ̀lú.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí: èèpo pákó tí káfíńtà fá ló dára, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń gbé jáde kò dára, wọ́n ń gbé e mì. Ìwé ìròyìn náà kò dára, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì ya. Ẹ fi ọwọ́ tẹ èèpo náà lójoojúmọ́. Ibi tó bá tutù, ẹ kó o dànù, ẹ má kàn da tuntun lé e lórí, torí èbu tó ń hù nínú èèpo tútù lè ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí òórùn ìgbẹ́ sì ta yín lójú, ó ti ń ta tiwọn láti àná. Ẹ má há wọn mọ́: ọmọ ọlọ́sẹ̀ méjì nílò, ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti kan lóròó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó há mọ́ra máa ń já ìyẹ́ ara wọn.

Ooru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 32°C níbi tí ẹ̀yìn wọn ga dé, ẹ ó sì máa dín 3°C kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù.

Wọ́n lè wẹ̀ o, omi lásán ni. Ìwẹ̀ ló máa ń mú kí pẹ́pẹ́yẹ ranti tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n ti kékeré mọ̀ ọ́n. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kí ẹsẹ̀ wọn kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ sí i tí wọ́n lè gùn jáde. Ìṣẹ́jú 5 ti tó, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Bí ìyẹ́ ẹyọ kan bá rin gbindin nígbà tí ti àwọn yòókù ṣì gbẹ, ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn. Ẹ nù wọ́n, kí ẹ dá wọn padà sábẹ́ iná. Bí ìgbẹ́ bá dí ìdí ọ̀kan, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Ẹ má fà á tu.

Oúnjẹ náà ń hàn lára ìyẹ́, torí purotéènì ni ìyẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí oúnjẹ wọn ní purotéènì bíi 22 nínú 100. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra mú un wálẹ̀ sí 16. Wọ́n nílò náyásìn, ọ̀kan lára àwọn fítámínì, ju ọmọ adìẹ lọ, nǹkan bíi miligíráàmù 55 nínú kílò oúnjẹ kan, torí náà ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Bí kò bá tó, ẹsẹ̀ wọn á kọ́kọ́ tẹ̀. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ wọn.

Ní ti yọ̀rọ̀, ọmọ tí ẹ̀rọ pa tí kò sì bá àgbà ẹyẹ gbé kì í sábà ní in. Ẹ ya ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti àyíká ìdí, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó ń rìn, ẹ gba oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ìwọ̀n tí àgbà ń lò lè pa ọmọ.

Mi ò rí àwọn ẹyẹ yín o, ohun tí ẹ kọ nìkan ni mo fi dáhùn. Bí ọ̀kan bá ń fi ẹnu mí, tí kò jẹun, tàbí tí ìyẹ́ àyà rẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 5 tí ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹ́ gidi á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ẹ má fà á. Ní ọ̀sẹ̀ 7 sí 9, ìyẹ́ á ti bo ara wọn tán. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn nígbà náà: bí omi bá ń yí kúrò ní kóró-kóró, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ lódò àti nínú òjò láìsí ìṣọ́. Bó bá ń wọlé, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ tún un wò.