Awakọ̀ òfurufú tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹnì kan fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá méjì wa bàálù ogun. Mo ní irọ́ ni. — Àkànní, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Àkànní, bẹ ọ̀rẹ́ rẹ o! Douglas Bader ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù já a lulẹ̀ lọ́dún 1931 níbi tó ti ń fi í dárà, ni wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. (Èmi tí orúnkún lásán ò jẹ́ n gun Olúmọ mọ́!) Ogun Àgbáyé Kejì dé lọ́dún 1939, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì gbà á padà. Lóṣù kẹjọ 1941, ó kó sọ́wọ́ àwọn Jámánì ní Faransé. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ kan há sínú bàálù bó ṣe ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Jámánì gbà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju òmíràn sílẹ̀ fún un látòkè. Síbẹ̀, bàbá yìí so aṣọ bẹ́ẹ̀dì pọ̀, ó gba fèrèsé ilé ìwòsàn sá lọ. Wọ́n tún un mú ṣá.