Ẹ Bi Mí: Òkúta Sìmẹ́ǹtì Nínú Táńkì Ẹja

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Táńkì onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ mi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló gùn, kribensis mẹ́rin, àwọn ẹja kéékèèké alárabarà, ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe òkúta oníhò fún wọn. Èyí tí wọ́n ń tà ti wọ́n jù, ni mo bá ní kí n gbẹ́ fóòmù funfun tó bá tẹlifíṣọ̀n wa wá nínú páálí, kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi péńtì olóìlì kùn ún lẹ́yìn náà. Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá a nínú omi. Ṣé á ṣeé ṣe? (Ọkùnrin kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òkúta á ṣeé ṣe. Sátidé ni kò ní ṣeé ṣe.

Ojú mi ti rí i. Ní 2016, tí mo ṣì ń gbé Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, mo rẹ́ òkúta mi àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo fi èékánná họ ọ́, kò họ. Mo ní ó ti jiná nìyẹn, mo gbé e sómi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ẹja ń yanu lójú omi, ara wọn ń yọ̀ bí ilá, ojú wọn ti ń funfun. Mẹ́fà ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ku ẹyọ kan. Ìyàwó mi wo táńkì, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ò kúkú lè ra òkúta ni?"

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé sìmẹ́ǹtì lè le kó má tíì jiná. Nǹkan tó ń jẹ bíríkìlà lọ́wọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yọ sínú omi. Omi tó bá sìmẹ́ǹtì tuntun jókòó, pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kan tó ni nọ́ńbà náà ń relẹ̀), lè gòkè dé 12. Kribensis tìrẹ, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni. Omi tó rọ̀, tí ẹfun inú rẹ̀ ò pọ̀, ló mọ́ ọn lára, tí pH rẹ̀ kì í jìnnà sí 6 tàbí 7. Ká ní ẹja adágún Malawi lo ní, ara wọn á gba omi tó ju 8 lọ díẹ̀, àmọ́ 12 á pa àwọn náà. Tó bá wá jẹ́ omi òjò lo ń bù sí i, wàhálà di méjì, torí kò sí nǹkan kan nínú omi òjò tó máa bá sìmẹ́ǹtì du pH náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù, mo máa fi ọwọ́ já ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó rí jágajàga. Rírẹ́ àkọ́kọ́, sìmẹ́ǹtì àti omi nìkan, kó ṣàn bí ògì, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń tì í wọnú ihò. Lọ́jọ́ kejì, ife sìmẹ́ǹtì kan sí ife yanrìn méjì, kó ki. Kó tó le, mo máa rún láílọ́ọ̀nù mọ́wọ́, mo fi ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ibi tó bá ti wọ́ jọ yẹn lá jọ òkúta gidi. Mo tún máa ń rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Gbàgbé péńtì olóìlì yẹn, àbúrò mi. Tínà inú rẹ̀ máa ń yọ́ fóòmù níbikíbi tó bá ti ráyè kàn án, ẹja ò sì nílò péńtì. Àwọ̀ pupa tàbí dúdú tí àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ ilé ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì ni kó o wá.

Fi láílọ́ọ̀nù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, máa wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn náà, rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wàá rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú omi náà, bí awọ ojú ògì tó ń tutù. Sìmẹ́ǹtì ló ń tú nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì-méjì, kó o pọn òmíràn. Tí awọ yẹn ò bá yọ mọ́, fi í sínú omi tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta, kó o wá fi ìwé tí wọ́n fi ń yẹ pH wò wọn omi náà pẹ̀lú omi lásán. Ìgbà tí méjèèjì bá bára mu ló tó jiná. Tèmi tó kẹ́yìn gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Fóòmù tún máa léfòó o. Èyí tó bá gba àyè lítà mẹ́ta, bíi kílò mẹ́ta ni omi á fi máa tì í sókè. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì ni kó o fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ táńkì, nígbà tí táńkì bá gbẹ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan bu, má rà á.

Ní ti àwọn àna rẹ: wá ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn, èyí tó ti fọ́ ẹnu. Fọ̀ ọ́, dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú yanrìn. Kribensis fẹ́ràn àpáàdì bí nǹkan míì. Òrùlé ihò ni wọ́n ń yé ẹyin sí, tí abo bá sì fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tó máa bèèrè òkúta.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ṣa òkúta létí odò Ògùn fún táńkì mi? (Obìnrin kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: O lè ṣà á, má ṣáà lọ fọ́ Olúmọ. Kán fínígà sí i lára. Tó bá ń hó, òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà l'Éwékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Fi í sílẹ̀. Òkúta akọ kì í hó. Fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, má fi ọṣẹ sí i. Má sì sè é lórí iná, torí omi tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ lè mú kó bẹ́ sí ẹ lójú.