Kí ni "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" nínú òwe ìgbín?

Ẹnì kan sọ fún ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe yìí pé "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi" ti di irọ́. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ìgbín orí igi kan ní Hawaii ń falẹ̀, ó sì ti run. Ẹṣin-òkun Knysna ní Gúúsù Áfíríkà, ẹja kékeré tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, ń falẹ̀ bákan náà, ó ṣì wà; ó ní ìfàlẹ̀ kọ́ ló ń gba ẹ̀dá là. Ó bí mi nínú. Ta ló ní ìfàlẹ̀ ni òwe yẹn ń wí?

Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ìgbín ò lápá, ìgbín ò lẹ́sẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi." Apá àti ẹsẹ̀ ló dárúkọ, kò dárúkọ eré. Ọ̀rọ̀ dídi nǹkan mú ni. Nígbà tí ìyá mi bá gbé omi lé mi lórí tó ní "rọra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́", kò ní kí n pẹ́ dé. Kí omi má dànù ló ń wí. Ààbọ̀ òwe ni wọ́n ń gbé kiri báyìí, ó sì ń dùn mí.

Ẹṣin-òkun yẹn kò mọ ìwẹ̀ púpọ̀. Ìrù ló fi ń lọ́ mọ́ koríko inú omi. Nígbà tí wọ́n kọ́ Thesen Islands, àdúgbò ilé gbígbé, sínú omi Knysna, wọ́n fi àgò wáyà tí òkúta kún inú rẹ̀ dá etí omi dúró. Ó lọ́ ìrù mọ́ wáyà náà, ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju inú koríko lọ. Ó ṣì wà nínú ewu o, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan dì mú.

Ìgbín Hawaii náà di igi rẹ̀ mú dáadáa. Ní 1955 ni wọ́n kó ìgbín apẹran wá láti Florida, kó lè jẹ ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà tó ń ba oko jẹ́. Àwọn ìgbín onílé ló kọjú sí. Ipa yíyọ̀ tí ìgbín ń fi sílẹ̀ ló máa ń tọ̀ lẹ́yìn títí yóò fi bá a. Yíyọ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ igi ni ọ̀tá fi ń mọ ọ̀nà ilé rẹ̀! George, ìgbín Hawaii tó gbẹ̀yìn ìran rẹ̀ (Achatinella apexfulva), dá gbé inú àpótí ilé ìwádìí fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún 2019 ló kú, ó tó ọmọ ọdún 14.

"Ìgbín kì í fà kí ìkarahun má tẹ̀ lé e" tí ẹni náà tún fi kún àwíjàre rẹ̀, ọ̀rọ̀ olórí àti ọmọ ẹ̀yìn nìyẹn, kì í ṣe ti ìfàlẹ̀.