Mo Dìbò Pé Kí Wọ́n Ti Ilé Ìwé Kan Pa: Ṣé Kí N Tún Dupò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọdún 3 rèé tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé ìwé ìjọba ní àdúgbò wa, lẹ́bàá Houston ní Texas. Oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀ ni sáà mi máa pé. Lọ́dún tó kọjá, owó kò tó, mo sì wà lára àwọn tó dìbò pé kí wọ́n ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan pa, kí wọ́n kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí òmíràn. Láti ìgbà náà, tí èmi àti àwọn òbí kan bá pàdé ní ilé ìtajà, ńṣe ni wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìbò Yorùbá nìkan tó láti gbé mi wọlé. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé kí ni mo rí nínú iṣẹ́ tí wọn kì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì, Texas.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Òótọ́ lọkọ yín sọ, òfin Texas kò gbà kí wọ́n san owó oṣù fún ọmọ ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó lẹ ṣe kọ̀wé sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìbò Yorùbá, torí ibẹ̀ lèmi ti jìn sí kòtò. Mo ti ṣe sáà kan nínú irú ìgbìmọ̀ yìí rí. Nígbà tí mo tún dupò, kò sí òde ìnáwó tí mi ò dé. Níbi ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún kan, wọ́n pè mí síta, ilù sọ, àwọn èèyàn ń pariwo "Tiwa ni!", wọ́n ń lẹ dọ́là mọ́ mi níwájú orí. Lọ́jọ́ kejì, akápò mi bi mí pé ta ló ná èwo, torí ìwé ni wọ́n ń kọ owó ìpolongo sí níbí. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Èyí tó tún wá burú jù ni pé, nígbà tí mo jókòó ti máàpù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo yẹn ló ń gbé ní àgbègbè ìgbìmọ̀ mìíràn. Green card làwọn kan ní, ẹni tí kò sì tíì di ọmọ Amẹ́ríkà ò lè dìbò. Àwọn tó kù, ọ̀pọ̀ ò forúkọ sílẹ̀ rí.

Ìbò 41 ni wọ́n fi lé mi.

Òpópónà kan ṣoṣo ló sì gbé mi ṣubú. A ti dìbò nínú ìgbìmọ̀ pé kí bọ́ọ̀sì má gbé ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tó máìlì 2 sí ilé ìwé mọ́, torí ìjọba ìpínlẹ̀ kì í fúnni lówó bọ́ọ̀sì lórí irú wọn, àfi tí ọ̀nà bá léwu. Lórí ìwé, ó dáa. Nígbà ìpolongo, ojú ń tì mí, mi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òpópónà náà. Ìgbà tí mo fìdí rẹmi tán ni mo lọ, aago mẹ́fà àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo bá obìnrin kan tó fi ọwọ́ kan di báàgì ọmọ rẹ̀ mú, tó na tọ́ọ̀ṣì sókè pẹ̀lú èkejì kí àwọn onítírélà lè rí wọn. Inú koríko ni wọ́n ń gbà, ìrì ti rin ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà gbindingbindin. Ó dá mi mọ̀. Ó ní ìbò ti parí, kí ni mo tún ń wá? Mo bi í bóyá ó ti ní kí wọ́n ka ọ̀nà yẹn mọ́ èyí tó léwu. Kò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè. Ta ni ìbá sọ fún un, bí kì í bá ṣe èmi?

Nítorí náà, ilé àwọn tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ìwé tó fi iye ọmọ àti iye owó hàn dání. Ẹ má sọ pé superintendent, ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ilé ìwé yín, ló fà á. Òun ló dá a lábàá, ẹ̀yin lẹ nawọ́, ìgbìmọ̀ yín náà ló sì gbà á síṣẹ́. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ó ṣí ilé ìwé náà padà, ẹnì kan ò lágbára àtiṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ẹ béèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe níbi tuntun, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn.

Àárín oṣù Kejì ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ dupò ń parí fún ìbò oṣù Karùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti kan ogún ilẹ̀kùn ní àdúgbò yẹn kó tó dìgbà náà, ẹ dupò. Tí ẹsẹ̀ yín bá kọ̀, ọkọ yín ló jàre. Ẹ fi ìwé tó sọ ẹni tó jẹ́ akápò yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ímeèlì ilé ìwé polongo, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé pátákó yín dé ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ o. Ajá pọ̀ ní irú àdúgbò wọ̀nyẹn.