Idẹ fún .32 Special: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní bàbá ìyàwó rẹ tó kú ní Oklahoma fi ìbọn Winchester 94 sílẹ̀ fún ọ, .32 Special ni wọ́n kọ sára ọ̀pá ẹ̀, irú ọta tó ń jẹ nìyẹn, o wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ní ọta ẹ̀. O wá fẹ́ máa ki ọta ẹ̀ fúnra rẹ, o ń béèrè bóyá idẹ, ìyẹn ìkarahun ọta tí ẹ̀tù ń wà nínú ẹ̀, ti ọta .30-30 ṣeé lò, bóyá kí o ra idẹ àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti irú dáì, irin oníhò tí a fi ń dá idẹ padà sí ìwọ̀n ẹ̀, tí o máa rà. Idẹ .30-30 ṣeé lò. Ti idẹ àlòkù yẹn ni màá sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí díẹ̀ ló kù kó fọ́ mi lójú.

Kí n tó débẹ̀, má jẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìbọn fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí èmi gbé tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn níbí ní Texas, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní òkú ìbọn ni mo gbé wá, kí n lọ fi kọ́ ògiri. Òkú ìbọn wo? Láti 1901 ni Winchester ti gbé ọta yìí jáde fún 94 tí John Browning ṣe, Marlin náà sì ṣe ìbọn tiwọn fún un. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló wá ta páálí .32-20 fún mi, ó ní .32 náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni! .32-20 kò bá .32 Special tan rárá, ó kéré, ó sì kúrú. .32 Self-Loading tún wà, òun náà yàtọ̀. Ka gbogbo ohun tó wà lára páálí, má ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n ní àwọn kì í gba ọta padà. Bí owó mi ṣe lọ nìyẹn.

Ibi tó dára jù láti rí idẹ ni inú ọta tuntun. Winchester, Federal àti Hornady ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é lójoojúmọ́. Bí o bá rí páálí méjì, ra méjèèjì, yìn wọ́n, kí o ṣa idẹ rẹ padà kúrò nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa owó. Idẹ tó jẹ́ pé ìbọn tìrẹ nìkan ló ti yìn ín, o mọ ìtàn ayé ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni .30-30 tuntun. Ọmọ ìyá ni òun àti .32 Special: ìdí kan náà, etí kan náà, gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ọrùn ló yàtọ̀. Orí ọta, ìyẹn èyí tó ń fò jáde, tó fẹ̀ ní 0.308 ínṣì ni .30-30 ń gbà, tiwa ń gba 0.321. Fi ọ̀rá ìyọ̀ díẹ̀ sínú ọrùn, gbé e gba inú dáì .32 Special lẹ́ẹ̀kan, ọrùn á fẹ̀. Bí ọrùn bá ya, jù ú nù, má bá a jiyàn. Ìyókù o ti mọ̀: fọ̀ ọ́, gé e bó bá gùn jù, práímà (ìyẹn ohun kékeré ìdí ọta tó ń tanná sí ẹ̀tù), ẹ̀tù bí ìwé ṣe wí, orí ọta. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù, mi ò ní kọ ọ́ síbí, má sì gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ra ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tàbí àwọn tó ń ṣe orí ọta, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ó yá, idẹ àlòkù. Mo ra ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ ọ́ gbàgàdà pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yìn ín. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ń dán yanran bíi wúrà ìyàwó. Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé dídán yẹn gan-an ló ń bo àṣírí. Mo ki wọ́n, mo yìn wọ́n, mo tún ki wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin wà ní pápá ìyìnbọn, a fẹ́ tún ojú ìbọn ṣe kí a tó lọ sí igbó àgbọ̀nrín lọ́jọ́ kejì. Ọta kọkànlá. Ohùn ẹ̀ yàtọ̀. Kò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kàn dún bí ìgbà tí wọ́n la pákó. Ooru gbá mi lójú, èéfín já wọ imú mi, ó ń ta mí bí ata. Ọmọ mi ń pariwo "Daddy! Daddy!" Nígbà tí mo bọ́ gíláàsì mi, èérún dúdú kéékèèké wà lára ẹ̀ bíi pé ẹnì kan fọ́n tìróò sí i. Ibi tí ojú mi wà gan-an ni. Gíláàsì yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò nù ún.

Mo fa lífà, ọwọ́ irin abẹ́ ìbọn tí a fi ń ṣí i. Ohun tó jábọ́ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè lọ: ìdí idẹ nìkan, etí ẹ̀ ṣì wà ní rekete. Ara ẹ̀ tó kù há sínú ihò ìbọn. Mo fi ọta mìíràn dán an wò, kò wọlé. (Àbúrò, má dán irú ẹ̀ wò láéláé. Ìwàǹwára ló ń dà mí láàmú.) Mo délé, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha á, mo fi ha ihò náà. Mo wá gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun á pè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Nígbà tí mo débẹ̀ fúnra mi, ojú mi ló ti yọ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì gba owó bí ẹni tó rọ ìbọn tuntun. Ọdún yẹn, ẹran rírà la jẹ.

Ohun tó fà á nìyí. Ọta eletí bíi tiwa, etí ìdí ẹ̀ ló fi ń dúró nínú ihò, bí ọmọrí ìkòkò ṣe ń fi etí jókòó. Níwájú, lọ́dọ̀ èjìká, ibi tí idẹ ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ọrùn, àwọn tó ṣe ìbọn àtijọ́ máa ń fi àyè sílẹ̀, kí ọta tó dọ̀tí pàápàá lè wọlé. Bí o bá yìn ín, idẹ á wú, èjìká á sún síwájú. Kò burú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá yí dáì wálẹ̀ títí ó fi jókòó pátápátá, tó tún wá ti èjìká yẹn sẹ́yìn. O yìn ín, ó tún na. O tún tì í, ó tún na. Lókè ìdí díẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni idẹ ti ń yọ ara ẹ̀ fi na, á máa fẹ́lẹ́ títí á fi já. Ìlẹ̀kùn 94 tún wá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti ń tì, irin ẹ̀ máa ń fà díẹ̀ bí ọta bá bú, ìyẹn náà ń fi kún un.

Ta ló ní kí n yí dáì wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀? Ọ̀mọ̀ràn ni. Olùkọ́ kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti kọ́ wọn ní títún ọta ki, ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí mo fi bọ́tìnnì yẹn hàn án, ó ní bóyá ẹ̀tù ni mo dà jù. Mo wọn ẹ̀tù mi lọ́kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀tù tó pọ̀ jù sábà máa ń fi àmì tiẹ̀ sílẹ̀ lára práímà, tèmi mọ́ kedere.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é báyìí. Mo mú idẹ tí ìbọn mi ti yìn, mo ń yí dáì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń dán idẹ náà wò nínú ìbọn, òfìfo ni o, títí lífà á fi pa wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo dúró. Má tún dúró lókè jù, torí lífà ò lágbára láti fipá ti ọta wọlé.

Idẹ àjèjì, kí o tó ṣe ohunkóhun sí i, wá píìnì tí wọ́n fi ń kó bébà pọ̀. Na án, ká ṣóńṣó ẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tì í bọ inú idẹ títí dé ìsàlẹ̀, kí o wá máa fi wọ́ ara ẹ̀ bọ̀ wá sókè jẹ́jẹ́. Bó bá kọ́ sínú kòtò kékeré kan nítòsí ìdí, idẹ yẹn ti kú. Bí o bá rí òrùka kan tó funfun ju ara yòókù lọ níta ní ibi kan náà, ó ti kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí mo rà yẹn, mo padà fi píìnì wo èyí tó kù, mọ́kànlélógójì ló ní kòtò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ní!

Bí o bá fi .30-30 ṣe é, .30-30 náà ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀ títí ayé. Fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ kun ìdí wọn, má sì jẹ́ kí .30-30 gidi wà lórí tábìlì kan náà. Orí ọta tún ńkọ́? 0.321 ni. Ẹnì kan á sọ fún ọ pé ti 8mm Mauser súnmọ́ ọn. 0.323 nìyẹn, jìnnà sí i. Kí orí ọta rẹ sì pẹlẹbẹ níwájú, torí nínú túùbù abẹ́ ọ̀pá 94, imú ọta kan ló ń ti práímà ìdí ọta iwájú ẹ̀. Èyí tí imú ẹ̀ ṣe ṣóńṣó lè lù ú bí ìbọn bá ta sẹ́yìn. Àwọn onímú rọ́bà tí Hornady ṣe nìkan ni a yọ sílẹ̀. Fún ẹnu idẹ mọ́ orí ọta dáadáa, kó má baà rì wọlé.

Ẹ̀tù, inú ike tó bá wá ni kó wà. Bàbá mi ọdẹ ni l'Ókè-Ògùn, ṣakabùlà ló lò, inú àdó ni ẹ̀tù ẹ̀ máa ń wà, kò sì gbé e wọ ilé ìdáná rí. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó gbé ọmọ. Eruku inú ẹ̀rọ tí a fi ń fọ idẹ, òjé wà níbẹ̀, má fi í sínú ilé.

O ò sọ ìwé tí o fi ń gbé Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ físà onígbà díẹ̀ ni, ti ilé ìwé tàbí ti iṣẹ́ (H-1B), òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn àti ọta pẹ̀lú léèwọ̀ fún ọ, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ ẹ̀ kò tíì kọjá. Onígíríìn káàdì kò sí nínú èyí. Lọ bá lọ́yà, má bi ará ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí o bá ki, ìbọn tìrẹ ni kí o fi yìn ín; bí o bá fẹ́ máa tà á, láìní ìwé àṣẹ kò ṣeé ṣe. Bí o bá ń lọ sílé fún Kérésì, tú gbogbo àpò rẹ wò kí o tó dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọta kan tó sá pamọ́ sí ìdí báàgì tó láti ba ìrìn àjò rẹ jẹ́, ní ìhín àti ní Èkó.

Práímà àti ẹ̀tù, bí o bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n á bu owó ewu lé e, owó yẹn a máa ju iye ọjà lọ nígbà míì. Dúró kí o kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Háà, dáì. Èyí tí wọ́n kọ .32 Winchester Special sí ni kí o rà, RCBS àti Lee ti ṣe é. Ohun tó ń di ìdí idẹ mú lórí prẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń ti idẹ wọ inú dáì, ti .30-30 náà ni. Kí o tó ki ẹyọ kan, fi fọ́tò ìdí àti ọrùn idẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi.