Ho mi kò ju 0.03 lọ: ṣé irú ẹ̀wà tí mo kó jọ kò yàtọ̀ síra ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo kó irú ẹ̀wà 48 jọ kí n lè mọ bí àbùdá wọn ṣe yàtọ̀ síra tó. Mo fa DNA jáde lára ewé wọn, mo sì fi SNP 900, ìyẹn ojú ibi tí lẹ́tà kan ti ń yàtọ̀ nínú DNA, yẹ̀ wọ́n wò. Ìpíndọ́gba Ho (ìyàtọ̀ inú igi kọ̀ọ̀kan) jẹ́ 0.03, He (ìyàtọ̀ láàárín gbogbo irú náà) 0.29, PIC (bí àmì DNA kan ṣe lè fi ìyàtọ̀ hàn tó) 0.24. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú irúgbìn wọ̀nyí, pé kí n lọ fi SSR, irú àmì DNA mìíràn, tún un ṣe torí PIC mi kò dé 0.5. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní tirẹ̀ ní DNA mi ló bàjẹ́, òun ló fà á tí Ho fi kéré bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ má tíì da èsì yín nù o. Nínú àwọn òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ, kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n ni kò bá wọn mu.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Ho bẹ̀rẹ̀. Igi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ní kírómósómù 22, méjì-méjì lọ́nà 11: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ohun tí Ho ń sọ ni ìdá ojú ibi tí ẹ̀dà ti ìyá ti yàtọ̀ sí ti bàbá lára igi kan náà. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá ẹ̀wà? Ìyá rẹ̀ náà ni. Kí òdòdó ẹ̀wà tó là láàárọ̀, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ti dà sórí abo inú rẹ̀. Ìgbà tí oyin máa fi dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí igi bá ń bá ara rẹ̀ bímọ báyìí, ìdajì ojú ibi tí ẹ̀dà méjèèjì ti yàtọ̀ síra ló ń pòórá ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ká ní 100 ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó máa di 50, ó máa di 25, ó máa di bíi 12. Lẹ́yìn ìran keje, ẹyọ kan kò pé mọ́. Irúgbìn tí wọ́n ti ń gbìn láti ọjọ́ pípẹ́ lẹ ní lọ́wọ́. Kí lẹ rò pé ó yẹ kó ṣẹ́ kù?

Ho ń yọjú wo inú ilé kọ̀ọ̀kan ni. He ń rìn káàkiri àdúgbò. Nínú ẹ̀wà, ará ilé kan jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ilé yìí lè yàtọ̀ pátápátá sí ilé tó kàn án. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé He ni ẹni tó ń wá onírúurú nínú ẹ̀wà máa ń wò. Ẹ fi 0.29 pín 0.03, ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 1: ó máa fún yín ní nǹkan bíi 0.90, irú iye tí èèyàn ń retí lára ohun ọ̀gbìn tó ń bá ara rẹ̀ bímọ. Bó bá jẹ́ àgbàdo ni, tó ń gba ìyẹ̀fun lára igi mìíràn, èmi náà ì bá ní kí ẹ padà sí láàbù.

Ti ẹlẹgbẹ́ yín, ó ní ibi tó ti lè jẹ́ òótọ́. DNA tó bàjẹ́ a máa fi àlàfo sílẹ̀ nínú tábìlì èsì, kì í sábà pa Ho nìkan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ka ojú ibi kan lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ẹ̀dà kejì lè fara pa mọ́. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n kà á àti iye àlàfo tó wà. Bí àlàfo kò bá pọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ó wá ku PIC, èyí tó ń bí ọ̀gá yín nínú. Lọ́dún 1980 ni onímọ̀ àbùdá Botstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ronú bí wọ́n ṣe máa ya àwòrán àbùdá èèyàn. Àwọn ló ní àmì tó bá ju 0.5 lọ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, pé èyí tó wà láàárín 0.25 sí 0.5 ń gbìyànjú. Àmì tó lè ní ẹ̀dà púpọ̀ ni ìlànà yẹn wà fún. SNP jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo: A lọ́dọ̀ eléyìí, G lọ́dọ̀ tọ̀hún. Ká sọ pé irú ẹ̀wà 24 gbé A, 24 gbé G, tó jẹ́ ìpín tó dára jù lọ. He rẹ̀ jẹ́ 0.5, PIC rẹ̀ jẹ́ 0.375. Òkè àjà nìyẹn. SNP ẹlẹ́dà méjì kò lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi SSR sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti ń tún ara wọn wí bíi GAGAGA, tí iye ìgbà náà sì ń yàtọ̀ láti irú kan sí òmíràn. Bí ẹ̀dà mẹ́ta bá wà, tí 24 gbé ọ̀kan, 12 gbé èkejì, 12 gbé ẹ̀kẹta, PIC ti di 0.55. Irúgbìn kan náà ni o, àmì ló yàtọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó mọ SNP kankan tó dé 0.5. Lójú tèmi, 0.24 nínú 0.375 kò burú rárá.

Mi ò sì gbà kí ẹ lọ fi SSR tún un ṣe. SSR wúlò, òun náà ni mo fi kọ́ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀dà méjì lè fi lẹ́tà méjì péré ju ara wọn lọ, orí jẹ́lì àgárósì a sì fi wọ́n hàn bí ìlà kan ṣoṣo. Èèyàn á wá máa fi ojú wò ó, á máa méfò. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ odindi ìwé DNA ẹ̀wà jáde lọ́dún 2019, ẹ lè mọ ibi tí SNP yín kọ̀ọ̀kan jókòó sí lórí kírómósómù. Bí 900 náà bá ká gbogbo 11 dáadáa, wọ́n tó fún iṣẹ́ yìí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bóyá ẹ ti sẹ́ àwọn SNP kan dànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ SNP tí ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n jù kò tó ìdá 5 nínú 100 nù láìronú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú irú 48, ẹ̀dà tí irú kan ṣoṣo gbé jẹ́ 0.021, bí irú méjì bá gbé e, 0.042. Ajere yẹn ti jo gbogbo wọn dànù. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an lẹni tó ń kó irúgbìn pa mọ́ ń wá. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe, ẹ tún un ṣírò láìsẹ́ ẹ. He yín máa wálẹ̀ díẹ̀, ẹ má jáyà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ èyí.

Ẹ wá wo Ho irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìpíndọ́gba mọ nǹkan bò. Bí irú 46 bá wà ní 0.015, tí méjì péré wà ní 0.40, ìpíndọ́gba á ṣì jẹ́ 0.03. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo já ewé lára igi márùn-ún, mo lọ̀ wọ́n pọ̀ sínú ọpọ́n kan, pé kí iṣẹ́ lè yá. Irúgbìn àpò náà ti dàpọ̀ kí n tó gbìn ín, èmi ò mọ̀. Irú kan bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ bàbá méjì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá rí irú bẹ́ẹ̀, ẹ gbin irúgbìn tó wá láti ara igi tí ẹ já ewé rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ da ewé igi púpọ̀ pọ̀ ni, ẹ gbin láti inú àpò. Ẹ já ewé igi mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọpọ́n tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé igi náà gba ìyẹ̀fun irú mìíràn lóòótọ́, Ho àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sún mọ́ 0.20, wọn ò sì ní jọra. Tó bá jẹ́ àdàpọ̀ àpò ni, Ho gbogbo wọn á lọ sílẹ̀ sí bíi 0.01, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n máa pín sí. Nígbà náà, irú 49 lẹ ní lọ́wọ́, kì í ṣe 48.