Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ọta Magnum Wo Ló Yẹ fún Eré Ìyìnbọn sí Àmì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi dé pápá ìyìnbọn, a fi ìbọn ìléwọ́ kékeré yìnbọn sí àmì orí bébà, ó sì wù mí débi pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń lọ báyìí. Mo fẹ́ ra ìbọn ti ara mi. Revolver ni mo fẹ́, irú èyí tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, kí ó sì jẹ́ Magnum, ìyẹn irú tí ọta rẹ̀ lágbára ju ọta lásán lọ. N kò ní í fi ṣọdẹ, n kò sì ní í gbé e kiri ìgboro. Àwọn kan ní .357 ni kí n rà (nọ́ńbà yìí ń tọ́ka sí bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó ní ínǹṣì), àwọn kan ní .44, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n kúkú ra .500 lẹ́ẹ̀kan kí n má bàa tún ra òmíràn lọ́la. Èwo ni kí n mú? — Òǹkàwé yín ní Houston.

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìbọn náà ṣe kí ẹ tó béèrè èyí tí ẹ máa rà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Tó bá jẹ́ èmi ni, .357 Magnum ni n óò mú, nínú ìbọn onírin tó wúwo díẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 6, ọta .38 Special ni n óò sì máa yìn nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ ó rí i pé ọta Magnum tó gbajúmọ̀ máa ń ní ẹ̀gbọ́n kan tó kúrú jù ú lọ. Ọta .38 Special ti wà láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson àti Winchester gbé .357 Magnum jáde ní ọdún 1935, ìkarahun .38 Special náà, ìyẹn ife onírin tó gba ẹ̀tù àti orí ọta, ni wọ́n mú, wọ́n fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kún gígùn rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀tù tó ní agbára púpọ̀ sí i kì í. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi mú un gùn ni pé kí ọta tuntun yìí má ṣe lè wọ inú ìbọn .38 àtijọ́, èyí tí agbára rẹ̀ lè fọ́ yángá mọ́ ẹni lọ́wọ́. Nítorí náà, ọta .38 Special ń wọ inú ìbọn .357 láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n .357 kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn .38. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà inú orúkọ wọn dà yín lójú rú, nítorí fífẹ̀ orí ọta méjèèjì dọ́gba, .357 ínǹṣì ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ra ìbọn yìí ti ra ìbọn méjì ní owó ẹyọ kan.

Ẹ wá wo bí agbára wọn ṣe jìnnà síra. Orí ọta .38 Special tó wúwo tó gíréènì 158 (gíréènì ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn orí ọta) máa ń jáde lẹ́nu ìbọn bí ẹni sáré ẹsẹ̀ bàtà 755 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú .357, orí ọta tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyẹn máa ń jáde ní nǹkan bí 1,235. Tí a bá dé orí .44 Magnum, orí ọta ti di gíréènì 240, ó sì lè sáré dé 1,350. Iye wọ̀nyí lè yí padà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọta náà àti gígùn ọ̀pá ìbọn, àmọ́ ohun tí ọwọ́ yín yóò gbà kò ní í yí padà púpọ̀. Mo ti ṣírò bí ìbọn ṣe ń ta ènìyàn padà sẹ́yìn: nínú .357 tó wúwo tó pọ́ùn méjì àbọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí fútù-pọ́ùn 8 (fútù-pọ́ùn ni wọ́n fi ń wọn agbára); nínú .44 tó wúwo tó pọ́ùn mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ bébà kan náà ni ẹ ń dá ihò sí.

Ọ̀rọ̀ ìtapadà yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbádùn eré náà. Kì í ṣe ìrora ọwọ́ ló burú jù níbẹ̀. Ara ènìyàn máa ń mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀ wá gbá òun, yóò sì gbìyànjú láti dènà rẹ̀ kí ó tó dé: ní kété tí ìka bá fẹ́ fa irin ìfà tán, ọwọ́ yóò ti ẹnu ìbọn sísàlẹ̀, ojú yóò sì pa dé, láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ìbọn .44 ni mo kọ́kọ́ rà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọta mi ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ àmì, mo sì gbà pé ojú ìwò ìbọn náà ló wọ́. Olùkọ́ kan ní pápá gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi, ó kó ọta mẹ́ta àti ìkarahun mẹ́ta tí a ti yìn sínú àgbá rẹ̀ ní àdàlú, ó yí i, ó sì ní kí n máa yìn. Nígbà tí ó kan ìkarahun òfìfo, tí ìbọn kò dún, mo fi ojú ara mi rí ẹnu ìbọn tó rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí orun ń kùn. Kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́fà pẹ̀lú .38 Special kí ọwọ́ mi tó gbàgbé ohun tí .44 ti kọ́ ọ. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí látìgbàdégbà, kí ẹlòmíràn bá yín kó ọta náà kí ẹ má bàa mọ ihò tó ṣófo. Revolver dára fún un ju ìbọn ìléwọ́ mìíràn lọ.

Ọta .38 kan wà tó jẹ́ pé eré yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún, wadcutter ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ gíréènì 148, kì í sì í sáré púpọ̀. Dípò kí ó fa bébà ya, ihò róbótó tó mọ́ ni ó máa ń gé sí i, tí ẹ ó fi lè mọ̀ dájúdájú bóyá ọta yín kan ìlà tàbí kò kàn án. Ẹ rà á, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yín ní pápá, kí ẹ wá fi páálí .357 kékeré kan parí rẹ̀ nígbà tí ara bá ti balẹ̀, kí ẹ lè gbádùn ìró àti iná rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń kìlọ̀ ni pé .38 tó kúrú máa ń fi èérí ẹ̀tù sílẹ̀ yíká inú ihò àgbá, níwájú ibi tí ìkarahun rẹ̀ mọ, tí kò fi ní í rọrùn fún .357 tó gùn láti wọlé. Ẹ fi búrọ́ṣì nù ún dáadáa nígbà gbogbo tí ẹ bá padà délé.

Ìbọn tí ẹ máa fi í sí náà ṣe pàtàkì bí ọta. Revolver .357 wà tí kò wúwo tó pọ́ùn kan, fún àwọn tó fẹ́ fi í sápò ni wọ́n ṣe irú rẹ̀, ìyà ni yóò sì fi jẹ yín ní pápá. Ruger GP100 tàbí Smith & Wesson 686 tó wúwo tó pọ́ùn méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ wò. Ìwúwo ló ń gba ìtapadà mọ́ra, ọ̀pá gígùn sì ń jẹ́ kí ojú ìwò méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, jìnnà síra, tí àṣìṣe kékeré ọwọ́ yóò fi hàn sí yín kí ẹ tó fa irin.

Ní ti .44 Magnum, n kò bá a ṣọ̀tá. Elmer Keith, ọdẹ àti òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e jáde ní ọdún 1955, òun náà sì ní ẹ̀gbọ́n tó kúrú, ìyẹn .44 Special ti ọdún 1907. Ìbọn kejì tó dára ni, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Ọta .41 Magnum ti ọdún 1964 dára púpọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kì í pọ̀ lórí àtẹ. Ní ti .500, ẹni tó ní kí ẹ rà á fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò ronú nípa bébà yín. Ọdún 2003 ni Smith & Wesson gbé e jáde; ọta márùn-ún péré ni àgbá rẹ̀ ń gbà, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn lé ní ínǹṣì 8 wúwo tó pọ́ùn mẹ́rin àbọ̀, agbára ọta rẹ̀ sì lé ní fútù-pọ́ùn 2,000, nígbà tí .357 kò ju bí 535 lọ. Ogún ogún ni ọta rẹ̀ sábà máa ń wà nínú páálí, dípò 50, owó rẹ̀ sì ga débi pé ènìyàn kì í lè yìn ín tó láti di ọ̀jáfáfá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tọ́ ọ wò, ọta kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sínú àgbá, nítorí ìtapadà rẹ̀ lè mú kí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n tún fa irin lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹnu ìbọn ti dojú kọ òkè.

Kí ẹ tó san owó, ẹ wá pápá tó ń yá ènìyàn ní ìbọn, ẹ yá .357 àti .44, kí ẹ sì yin páálí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́wàá ìkẹyìn ni kí ẹ wò, kì í ṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ fi ìdíwọ́ kékeré há inú etí, kí ẹ tún fi èyí tó ńlá bò ó, nítorí ìró Magnum nínú ilé ga ju ohun tí etí lè fara dà, etí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìka kankan sún mọ́ ibi tí àgbá àti ọ̀pá ìbọn ti pàdé, torí iná ń yọ níbẹ̀. Àwọn baba wa tó ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ ti bi wá pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Kí ẹnu rẹ̀ máa wo ọ̀nà àmì nìkan, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọta inú rẹ̀ dà sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ mi ra .44 Magnum, ó sì fẹ́ kí a jọ máa lọ sí pápá. Ọwọ́ mi kéré, ọrùn ọwọ́ mi sì máa ń dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Ṣé kí n fi eré náà sílẹ̀ fún un ni? — Ìyá ìbejì, Atlanta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi í sílẹ̀, Ìyá ìbejì. Ẹ ní kí ọkọ yín ra .44 Special fún yín. Yóò wọ inú ìbọn kan náà, ìtapadà rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti Magnum lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìdìmú ìbọn náà bá jẹ́ onígi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí onírọ́bà tó bá ọwọ́ yín mu, kí ọ̀pá ìbọn lè bá egungun apá yín gún régé nígbà tí ẹ bá dì í mú. Bí ọwọ́ yín kò bá lè dé irin ìfà láìjẹ́ pé ẹ yí ìdìmú náà, a jẹ́ pé ìbọn náà tóbi jù fún yín, kò sì sí bí ọta ṣe lè wo ìyẹn sàn. Ìrora tó bá dé ọjọ́ kejì kì í ṣe ohun tí à ń fara dà. Ẹ sinmi títí yóò fi lọ pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ohio, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sì fi wọlé. Ṣé mo lè yá Magnum ní pápá, kí n sì gbé e lọ sílé tí mo bá padà sí Ìbàdàn? — Ọmọ yín.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má ṣe fọwọ́ kàn án ná. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó fi irú físà bẹ́ẹ̀ wọlé ní ìbọn tàbí ọta ní ìkáwọ́, àfi bí ó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìbọn tí o yá fún wákàtí kan náà wà ní ìkáwọ́ rẹ. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú títí láé lè rà á, bí kò bá sí ohun mìíràn tó dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 21 kí oníṣòwò tó níwèé àṣẹ tó lè ta ìbọn ìléwọ́ fún un. Ní ti Ìbàdàn, revolver wà lára àwọn ìbọn tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló sì lè fúnni láṣẹ láti ní i. Bí eré náà bá wù ọ́ púpọ̀, ìbọn ìléwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ọta jáde kì í ṣe ìbọn lójú òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, torí kò ní ẹ̀tù nínú. Òun ni wọ́n ń yìn láti mítà 10 ní ìdíje Òlímpíìkì. Bi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ àti ìlú tí o ń gbé léèrè ohun tí òfin tiwọn sọ nípa rẹ̀, kí o wá rà á.